Ọ onídọ́ọ̀tì àti ọ onílà: lẹ́tà kan ni wọ́n

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ ra orúkọ ìkànnì ní Yorùbá yọ gbogbo àmì rẹ̀ dànù, nítorí íntánẹ́ẹ̀tì kò mọ àmì. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 2003 ni IETF, àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ti fàyè gba lẹ́tà alámì, wọ́n sì tún ìlànà náà ṣe lọ́dún 2010. Àríyànjiyàn rẹ̀ kò kéré. Àwọn kan fẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú orúkọ máa gba lẹ́tà wa bó ṣe wà. Àwọn yòókù ní ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ kárí ayé á dàrú. Àwọn yòókù yìí ló borí. Ẹ̀rọ yín ló ń sọ lẹ́tà alámì di kìkì lẹ́tà òyìnbó, nọ́ńbà àti dáàṣì, tí ẹ̀rọ àtijọ́ lè kà. Ìdí nìyẹn tí "ọjà" fi máa ń di xn--j-sfa590u kó tó kúrò lórí ẹ̀rọ yín.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe. Láàárọ̀ kan ṣoṣo, oníbàárà kan á gbé ọ onídọ́ọ̀tì wá, èkejì á gbé onílà wá, kò sì sẹ́ni tó ń kà wọ́n sí lẹ́tà méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi ìlà rọ́pò dọ́ọ̀tì abẹ́ ọ inú "ọjà" yẹn, xn--oj-kia25u ló gbé jáde. Orúkọ mìíràn pátápátá! Onígbájúẹ̀ lè ra èkejì, kó máa fi gbowó oníbàárà ẹlẹ́ni.

Bẹ́ẹ̀, láti ìlànà orúkọ ìkànnì ti ọdún 1987 ni A ńlá àti a kékeré ti jẹ́ ọ̀kan: ẹ kọ OJA, ẹ kọ oja, ibì kan náà lẹ ó dé. Lẹ́tà òyìnbó rí àánú yẹn gbà. Kí ló dé tí tiwa ò rí i?

Mi ò ní kí wọ́n tú ẹ̀rọ ayé palẹ̀. Àwọn tó ní ká má fọwọ́ kàn án jàre. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn forúkọ ìkànnì sílẹ̀ ló yẹ kó parí sí. Ẹni tó bá ra ọ̀kan, kí wọ́n má ta èkejì fún ẹlòmíràn mọ́. Ìlànà 2010 fún wọn láyè láti ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ń bójú tó .ng, ìparí orúkọ ìkànnì ti Nàìjíríà. Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ tiyín.

Òǹtẹ̀wé kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn