Nígbà Tí Wọ́n Fẹ́ Gbowó, Wọ́n Rí Wa

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá. Mo ti ń ka ìwé ìròyìn yín tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò kọ lẹ́tà sí yín rí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó wọlé sórí fóònù mi láàárọ̀ Sátidé ló fa tòní. Ilé iṣẹ́ kan tí mo ní ṣíà níbẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Wọ́n pe orúkọ mi, wọ́n pe orúkọ bàbá mi, wọ́n tún pe orúkọ àárín tí ẹnikẹ́ni kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí màmá mi ti kú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ṣíà tuntun fún àwa tí a ti wà nílé tẹ́lẹ̀, pé ọ̀kan ló kàn mí lórí mẹ́rin tí mo bá ní, pé kí n tètè sanwó kí ọjọ́ tó kọjá.

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ilé iṣẹ́ yìí kan náà ni kò mọ ilé mi fún ọdún mẹ́rìnlélógún.

Atẹ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Èkó láyé ọjọ́un. Ní 1988 ni ìjọba Babangida gbé òfin jáde pé àwọn máa ta lára àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba fún aráàlú, ìgbìmọ̀ tí Hamza Zayyad ṣe alága rẹ̀ ló sì ń bá wọn bójú tó o. Fọ́ọ̀mù ń ti orí tábìlì kan bọ́ sórí òmíràn ní ọ́fíìsì wa bí ìwé ìpè ìgbéyàwó. Ọ̀gá wa rà, mẹ́sẹ́ńjà wa náà rà. Àjọ kàn mí lóṣù yẹn. Dípò kí n fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọdún kejì, mo fi ra ẹgbẹ̀ta ṣíà. Àdírẹ́sì yàrá tí mo háyà ní Surulere ni mo kọ sórí fọ́ọ̀mù.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìjọba kó wá sí Àbújá, àwa náà di ẹrù, a tẹ̀ lé e. Wọ́n fọ́n wa ká Nyanya, Karu, Garki àti Kubwa níbí. Ta ló ráyè ṣíà nígbà yẹn? Omi là ń wá kiri, ilé ìwé ọmọ là ń wá. Ìwé èrè, èyí tí a fi ń gba owó èrè ṣíà ní báńkì, ń lọ sí Surulere lọ́dọọdún. Ẹni tó gba yàrá náà lẹ́yìn mi kò mọ̀ mí rí, onílé pàápàá ti ta ilé. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣe kàyéfì pé báwo ni owó èrè tí a kò rẹ́ni gbà ṣe pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà, kó ka iye òṣìṣẹ́ tó kó kúrò l'Ékòó láàárín ọdún mélòó kan yẹn. Wọ́n máa ń sọ pé onípìn-ín kéékèèké, àwa tí a ní ṣíà díẹ̀díẹ̀, ya aláìbìkítà. Ìjọba ló gbé wa kúrò níbi tí ìwé wa ń lọ.

Ọdún 2016 ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì sọ fún mi pé SEC, àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò, ti ní kí gbogbo onípìn-ín lọ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kan, kí èrè lè máa wọ àkáǹtì wọn tààrà láìsí pé à ń retí lẹ́tà. Mo lọ. Mo kọ BVN mi sí i, mo lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Wọ́n ṣírò ohun tí wọ́n jẹ mí, wọ́n san ọdún méjìlá. Ọdún méjìlá tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní ó ti kú. Wọn ò purọ́ mọ́ òfin o: èrè tí onípìn-ín kò bá béèrè títí ọdún 12 fi pé, kò lè fi ẹjọ́ gbà á mọ́. Mo bi ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn ní kàǹtà pé ta ló wá ni owó náà báyìí. Ó ní, "Màmá, ó ti padà sílé iṣẹ́." Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni ń túfọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ẹkún ọjà ni mò ń sun. Mo wà níbẹ̀ ní 2008. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn, ìwọ̀n ọjà ìpín wa, nọ́ńbà tó ń fi hàn bí owó ṣíà ṣe ń lọ sókè sódò, ga ju 66,000 lọ. Nígbà tí ọdún kejì fi máa bẹ̀rẹ̀ dáadáa, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20,000. Àwọn báńkì mẹ́ta tí ìjọba gbà ní 2011, ẹni tó ní ṣíà níbẹ̀ kò rí kọ́bọ̀ gbé kúrò. Ó dùn wá, àwọn kan kò sì bọ́ nínú rẹ̀ títí wọ́n fi kú. Ṣùgbọ́n ọjà nìyẹn. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Owó tí ọjà kò jẹ, tí ilé iṣẹ́ ti jèrè rẹ̀, tí wọ́n ti kéde rẹ̀ ní gbangba pé tèmi ni, tí ìjọba ti yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá gẹ́gẹ́ bí owó orí kó tó kúrò lọ́wọ́ wọn, òun ni mò ń sọ.

Òfin ìsúná ọdún 2020 (Finance Act) wá gbé tiẹ̀ dé. Ó ní èrè ilé iṣẹ́ tó wà lórí àtẹ ọjà ìpín, bí ẹnikẹ́ni kò bá gbà á fún ọdún 6, kí wọ́n kó o sínú àpò kan lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀. Mo ka àlàyé wọn, mi ò sì fẹ́ yí i po. Wọ́n ní owó náà kò sọnù, gbèsè ni lọ́rùn ìjọba, àti pé ìgbà yòówù tí olówó bá dé, yóò gba owó rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó bá ti bí. Bí a bá fi wé èyí tó kú mọ́ mi lọ́wọ́, ó sàn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kò rí ọ̀nà gba N3,000 lọ́wọ́ rẹ́jísítírà, ìyẹn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìwé orúkọ àwọn onípìn-ín, ṣé ìjọba ni yóò wá rí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Àwa tí a ti lé owó ìfẹ̀yìntì kiri ọ́fíìsì ìjọba mọ bí gbèsè tó wà lọ́rùn ìjọba ṣe máa ń rí.

Àlàájà kan wà ní òpópónà wa, ará Ọ̀fà ni. Awakọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ó sì kú ní 2019. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Àlàájà gbé agolo bísíkítì kan wá bá mi, irú èyí tó ní àwòrán ẹṣin lára, ìpata ti ń mú ìdí rẹ̀. Sàtífíkéètì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, ìwé tó nípọn bí ìwé ẹ̀rí àṣejáde, èdìdì pupa lára wọn, rọ́bà ló fi so wọ́n pọ̀. Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, rọ́bà já. Ìwé èrè mọ́kànlá ló wà lábẹ́ wọn tí bàbá kò gbé lọ sí báńkì rí. N43.20 wà lórí ọ̀kan, N118 wà lórí òmíràn. Bàbá ti fi bírò kọ ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ sẹ́yìn rẹ̀, létòlétò, bí ẹni ń kọ ìwé máìlì ọkọ̀. Mo wo orúkọ: Rasaki lórí sàtífíkéètì méjì, Razak lórí ìkẹta, Rasaq lórí ìkẹrin. Ẹni kan ṣoṣo ni, akọ̀wé mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló kọ ọ́.

Mo bá a dé ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà kan. Wọ́n ní kó lọ gba ìwé àṣẹ ogún nílé ẹjọ́, kó mú ìwé ikú wá, kó búra lórí orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó polówó rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn, kí báńkì rẹ̀ jẹ́rìí sí ìfọwọ́sí rẹ̀. Nígbà tí a ṣírò owó lọ́yà àti owó ilé ẹjọ́ mọ́ ọn, ohun tó máa ná ju ohun tó wà nínú agolo lọ. Àlàájà dé ìdérí agolo rẹ̀ padà. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Mo ní Àlàájà, Ọlọ́run ò ní àkáǹtì lọ́dọ̀ rẹ́jísítírà o.

Mi ò ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Jìbìtì wà, mo mọ̀, àwọn kan ti fi ìwé èké ta ṣíà olóògbé kí ọmọ rẹ̀ tó jí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣé ó yẹ kí opó tó fẹ́ gba ṣíà tí kò tó owó àpò ìrẹsì mẹ́ta gba ojú ọ̀nà kan náà pẹ̀lú ẹni tó fẹ́ jogún ilé alájà mẹ́rin ní Maitama? Kí SEC fi ààlà sí i: bí gbogbo ṣíà olóògbé kò bá tó iye báyìí, kí ìwé ikú, ìwé ìbúra, NIN ẹni tó ń béèrè àti ẹ̀rí ìmáàmù tàbí bíṣọ́ọ̀bù tó mọ ẹbí náà tó. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni.

Ti ìpàdé ọdọọdún ló wá pa mí lẹ́rìn-ín jù. Èkó ni wọ́n ti ń ṣe é, bí kò bá ṣe àwọn díẹ̀ tó máa ń wá sí òtẹ́ẹ̀lì ńlá wa níbí. Ẹni tó wà ní Òkè Ọya tó bá fẹ́ lọ, kó wọkọ̀ ní Jabi tàbí Utako ní ìdájí, kó sun Èkó, kó tó wọ gbọ̀ngàn láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Àtẹni tó wà ní Kánò, àtẹni tó wà ní Kàdúná, èrè ọdún márùn-ún wọn kò san owó ọkọ̀ yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo lọ rí. Ọ̀rọ̀ alága gba wákàtí kan, ìbéèrè gba ogún ìṣẹ́jú, ìrẹsì nínú páálí ló sì parí rẹ̀. Ọkùnrin kan dìde lórúkọ ẹgbẹ́ onípìn-ín, mo rò pé ó fẹ́ béèrè ohun tó gbé owó tí wọ́n yá lọ, oríkì ọ̀gá ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń jà fún wa lóòótọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Ti ọjọ́ yẹn kò jà.

Òfin ní kí ìwé ìpè kúrò lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ 21 ó kéré tán kí ìpàdé tó wáyé. Tèmi lọ́dún kan, ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìpàdé ló dé, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù aṣojú, èyí tí ènìyàn fi ń yan ẹni tí yóò bá a dìbò, tí wọ́n ti tẹ orúkọ àwọn tí n óò yàn sí. Nígbà kòrónà ní 2020, wọ́n ní ká máa lo aṣojú nítorí àìsàn. Àìsàn ti lọ, aṣojú ò lọ. Òfin ti wá fàyè gbà á báyìí kí ìpàdé máa wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo wo ọ̀kan lórí YouTube nínú pálọ̀ mi. Wọ́n dìbò lórí owó àwọn olùyẹ̀wé owó, wọ́n dìbò fún ìgbìmọ̀ àyẹ̀wò ẹlẹ́ni márùn-ún, èyí tí òfin ní kí mẹ́ta nínú wọn jẹ́ onípìn-ín bíi tèmi. Bọ́tìnì kan ṣoṣo tí èmi rí tẹ̀ ni "like".

Ilé iṣẹ́ tó lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ gba owó ṣíà tuntun lọ́wọ́ mi, tó sì fi línkì sí i kí n tẹ̀ ẹ́ kí n sanwó, kó fi línkì kan náà gba ìbò mi. Láti oṣù Kẹta 2024 tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti ní kí àwọn báńkì wá owó kún owó, N500 bílíọ̀nù fún àwọn tó ń ṣòwò dé òkè òkun, N200 bílíọ̀nù fún àwọn tó wà káàkiri orílẹ̀-èdè, pẹ̀lú gbèdéke 31 oṣù Kẹta 2026, ẹ wo bí wọ́n ṣe wá wa rí! Í-meèlì, àtẹ̀jíṣẹ́, ìpè. Wọ́n rí àwa tí wọ́n ní àwọn ń wá láti ọdún gbọọrọ. Kò sì sí èyí tó kọ ọ́ síbẹ̀ ní èdè tó yé ènìyàn pé bí o kò bá ra tìrẹ, ìpín rẹ nínú ilé máa kéré sí i, àti pé bí o kò lówó àtirà á, o lè ta ẹ̀tọ́ àtirà náà lọ́jà kí ọjọ́ tó pé, kí ìwọ náà rí nǹkan dì mú. Ọ̀pọ̀ jẹ́ kó jó mọ́ wọn lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí èrè ẹnikẹ́ni tó pé ọdún 6, kí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rí hàn SEC pé àwọn fi BVN àti nọ́ńbà fóònù wá olówó rẹ̀ bí wọ́n ṣe fi wá a nígbà tí wọ́n ń ta ṣíà. Bí wọn ò bá ní ẹ̀rí, kí owó má kúrò lójú kan, kí wọ́n má sì ka ọdún mọ́ ọn. Ọ́fíìsì SEC wà nínú ìlú Àbújá yìí, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ìdókòwò wà níbí pẹ̀lú. A kò ní gun ọkọ̀ òru kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin tí a jọ kó wá ní 1991 àti lẹ́yìn rẹ̀, tàbí ẹ̀yin ọmọ wọn: ẹ yẹ ìsàlẹ̀ àpótí wò kí ẹ tó da bébà Bàbá nù. Bí ẹ bá rí ìwé tó ní èdìdì pupa, orúkọ rẹ́jísítírà wà lára rẹ̀. Bó bá ti yí orúkọ padà, alágbàtà ọjà ìpín yòówù yóò sọ tuntun fún yín. Agolo Àlàájà ṣì wà lọ́dọ̀ mi. A ti gba ìwé ìbúra ti orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ku ti ilé ẹjọ́.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì,
òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì,
Kubwa, Àbújá.