Táyà Tó Sanra Kọ́ Ló Yẹ Máṣíìnì Àtijọ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn yìí. Mo ka lẹ́tà tí ẹnì kan kọ sí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde lórí àwọn máṣíìnì kékeré àtijọ́ tí a ṣì ń gùn. Ó ní nítorí bí títì wa ṣe rí, kí oníkálukú bọ́ táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bá máṣíìnì rẹ̀ wá, kó fi èyí tó sanra, 3.00, sí iwájú àti ẹ̀yìn, kó sì jẹ́ oníkókó, irú èyí tí wọ́n fi ń wọ oko. Mo mọ̀ pé inú rere ló fi sọ ọ́. Àmọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gun máṣíìnì bàbá wọn ká Ìlíṣàn àti Àgọ́-Ìwòyè ń ka abala yín yìí, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbé ìmọ̀ràn yẹn lọ bá fọ́kanáísà kí ẹnikẹ́ni tó fèsì.

Olùkọ́ ni mí. Ìṣarà ni ilé mi, Ìkẹ́nnẹ́ ni mo ti ń kọ́ni. Suzuki AX100 ni mò ń gùn, èyí tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, tí ìyàwó mi fi ń sọ pé òun ti ń gbóòórùn mi kí n tó yọ lójúde. Máṣíìnì náà kò wúwo tó 100 kílò. Táyà tó bá a wá ni 2.50-18 níwájú àti 2.75-18 lẹ́yìn. Nọ́ńbà tó ṣáájú ni ìbú táyà, èyí tó tẹ̀lé e ni ríìmù tó máa wọ̀, íǹṣì ni wọ́n fi wọn méjèèjì. Ẹ kíyè sí ti ríìmù yìí dáadáa, torí pé ríìmù 17 ni Boxer tó kún ìta ní, táyà tiẹ̀ ló sì pọ̀ jù lórí igbá. Kò lè wọ ríìmù 18, ohun yòówù kí òǹtajà sọ.

Ibi tí èmi àti arákùnrin Ìjẹ̀bú-Òde ti yà ni pé ó gbà pé táyà tó bá ti sanra ló lágbára. Agbára táyà kò sí nínú sísanra rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i lára. Bí ẹ bá wo etí 2.75-18, ẹ ó rí 4PR tàbí 6PR. Ìyẹn ló ń sọ bí ara rẹ̀ ṣe le tó. Oní-4PR sábà máa ń ní 42P lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé táyà yẹn lè gbé 150 kílò, kó má sì sáré ju 150 kìlómítà ní wákàtí kan. Ti 6PR a máa jẹ́ 48P, ìyẹn 180 kílò. Ìbú kan náà ni, ríìmù kan náà ni. Nítorí náà, ẹni tó ń gbé àpò gààrí sẹ́yìn láti Ìjẹ̀bú-Igbó, 6PR ni kó béèrè, kó fi ìbú sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ríìmù máṣíìnì wọ̀nyí tẹ́ẹ́rẹ́. Bí a bá ti táyà tó gbòòrò mọ́ ọn, etí táyà méjèèjì á há, ojú rẹ̀ á wá yọ gọngọ bí orí àgbà nínú fìlà ọmọdé. Ọwọ́ á wúwo láti yí ní kọ́nà. Ẹ́ńjìnnì tí kò lágbára púpọ̀ tẹ́lẹ̀ á tún máa fa ẹrù tí kò yẹ kó fà. Ti ẹrẹ̀ wá ńkọ́? Ẹrẹ̀ pupa tiwa yìí, bó bá kó sí àárín táyà àti mọ́dígáàdì tí kò sí àyè níbẹ̀, yóò di ẹsẹ̀ máṣíìnì pa pátápátá ni. N kò jiyàn pé 3.00-18 lè wọ ẹ̀yìn àwọn máṣíìnì kan. Kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wọn àyè tó wà láàrin táyà àti ìbòrí ṣéènì. Ṣùgbọ́n tí iwájú, n kò gbà rárá.

Táyà oníkókó dára fún ẹni tó ń gba ọ̀nà oko lójoojúmọ́, n kò ní bù ú kù. Lórí ọ̀dà, kókó yẹn nìkan ló ń fọwọ́ kan ilẹ̀, àlàfo ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ sí títì ọlọ́dà, tí èèyàn wá dà á sí kọ́nà, yóò rí i pé táyà náà kò dì mọ́lẹ̀. Tíṣà kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹ̀gbẹ́ wọ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà òjò, ọpẹ́lọpẹ́ pé kò sí mọ́tò lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó ní ìlà gbọọrọ yíká dára níwájú, kí ti ẹ̀yìn ní ìlà tó gé ara wọn kí omi lè ríbi gbà jáde.

Ọ̀rọ̀ iwájú yìí ló ká mi lára jù. Àṣà wa ni pé ti ẹ̀yìn ló ń tètè jẹ, òun náà ni a ń pààrọ̀. Ti iwájú á máa wà níbẹ̀ lọ́dún dé ọdún, torí pé ojú rẹ̀ ò tíì pá. Bẹ́ẹ̀, tí a bá fa bíréèkì, iwájú ni ìwúwo ń wọ́ lọ, táyà iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, èèyàn ṣì lè rọra tọ́ ọ sọ́nà. Bí iwájú bá yọ̀, kí ẹ tó pe Jésù ẹ ti wà nílẹ̀.

Rọ́bà ń gbó láìjẹ́ pé ó jẹ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí létí táyà, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ orí rẹ̀. 1523 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 15 nínú ọdún 2023. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Mo ti rí irú rẹ̀ lára máṣíìnì Honda C70 kan ní Òde-Rẹ́mọ, ẹni tó ni ín sì ń fi yangàn pé ojúlówó ni. Àwọn FRSC a máa kìlọ̀ pé kí a má lo táyà tó bá ti ju ọdún 4 lọ. Igi rọ́bà wà ní ìhà Wọ́tásáìdì tiwa níbí, àmọ́ láti ìgbà tí Michelin ti kógbá sílé ní Port Harcourt ní 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà láìpẹ́ sígbà yẹn, òkè òkun ni a ń retí. Ì báà jẹ́ MRF ti Íńdíà, ì báà jẹ́ CST ti Taiwan, ó ti pẹ́ lójú omi àti ní ilé ìkẹ́rù kó tó dé Sábó ní Ṣàgámù, níbi tí wọ́n tún ń so ó kọ́ sínú oòrùn. Èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ ní kí wọ́n mú wá. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wo abẹ́ ìlà rẹ̀ bóyá ó ti ń sán wẹ́wẹ́. Ti tòkunbọ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ ra tíúbù tuntun mọ́ ọn. Ríìmù onísípóòkù ti àwọn máṣíìnì wọ̀nyí kò lè ṣe láìní tíúbù, kódà bí wọ́n bá kọ tubeless (pé kò nílò tíúbù) sí táyà náà. Kí fọ́kanáísà yẹ rọ́bà tó bo orí sípóòkù wò, torí pé òun ló ń dáàbò bo tíúbù. Ọfà kan wà létí táyà tó ń tọ́ka sí ibi tó gbọ́dọ̀ máa yí sí, ẹ dúró tì í kó má baà fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú. Tó bá fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i tán, ìlà tín-ín-rín kan wà tó yí etí táyà ká. Bó bá sún mọ́ ríìmù níbì kan ju ibòmíràn lọ, táyà náà kò tíì jókòó, kó tú u.

Ó wá ku afẹ́fẹ́. Èmi ń lo 25 níwájú, 28 lẹ́yìn, PSI ni lójú gáàjì tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́, mo sì ń sọ ẹ̀yìn di 32 bí mo bá gbé èèyàn. Àárọ̀, kí máṣíìnì tó gbóná, ni mo ń wọ̀n ọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn fọ́kanáísà wa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ni, wọ́n á ní, "Bàbá, ó ti le." Olóòtú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa bẹ ẹni tó ń kọ abala ọkọ̀ yín kó kọ nǹkan lórí gáàjì afẹ́fẹ́ fún wọn, kó sì kọ ọ́ kúkurú kí wọ́n lè gé e lẹ̀ mọ́ ara ẹ̀rọ wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bàbá Olùkọ́,
Ìṣarà-Rẹ́mọ