Ìtàpá Ìbọn Ni Ó Ń Ba Awò Jẹ́

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Mo ka lẹ́tà kan tí ẹ tẹ̀ jáde ní oṣù tó kọjá, nínú èyí tí òǹkọ̀wé ti gba ọdẹ nímọ̀ràn pé, bí ó bá fẹ́ ra awò orí ìbọn, ìyẹn ọ̀pá onídígí tí a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yìn, fún ráífù tí ń yin ọ̀nà jíjìn, kí ó wo iye ìlọ́po tí awò náà fi ń sọ nǹkan di ńlá, kí ó sì mú èyí tí ó ga jù. Kámẹ́rà àti aago ni mo ń tún ṣe ní Kàbà láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìjùmú àti Bùnú tí wọ́n ní ìbọn atẹ́gùn ti sọ mí di ẹni tí ń tún awò ìbọn ṣe láìjẹ́ pé mo pinnu rẹ̀. Ohun tí mo rí nínú àwọn tí mo tú kò bá ìmọ̀ràn yẹn mu.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní oko tí wọ́n ti ń sin ẹran ìgbẹ́ ní Nàmíbíà, níbi tí ó ti ń lo ráífù .338 Lapua Magnum, irú ráífù alágbára kan tí a fi ń yin ọ̀nà jíjìn. Ọta ìbọn náà wúwo tó gíráàmù 16, ó sì ń jáde ní nǹkan bí mítà 900 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tí ó bá yìn ín ni kí ẹ bi léèrè nípa èjìká rẹ̀. Nígbà Kérésìmesì ó gbé awò kan wálé, tí ń fa nǹkan súnmọ́ni ní ìlọ́po 24, tí ẹni tó tà á fún un sì ti búra pé kò sí ìbọn tí kò lè gbà á. Kò tíì yìn ín tó ogójì ìgbà tí ọta fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbi tó wù ú. Nígbà tí mo tú u, gbogbo dígí rẹ̀ ṣì mọ́ gaara, ṣùgbọ́n sípíríńgì pẹlẹbẹ tí ń ti ọ̀pá kékeré inú rẹ̀ mọ́ ìdí àwọn síkúrúù ìyíwò ti rọ̀, òrùka tí ó di dígí kan mú sì ti tú.

Inú ọ̀pá kékeré yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí a bá yí kókó orí awò, ọ̀pá yẹn ni síkúrúù ń tì, sípíríńgì ni ó sì ń dá a padà. Lórí ọ̀pọ̀ awò òde òní, ìró “káà” kan tí kókó náà bá dún bí a ṣe ń yí i máa ń yí ojú ọta ní sẹ̀ǹtímítà 1 ní mítà 100, èyí tí ó túmọ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 10 ní mítà 1,000. Bí sípíríńgì bá ti rẹ̀, tí ọ̀pá náà sì yẹ̀ bí ìwọ̀n irun díẹ̀ nígbà tí ìbọn tàpá, ẹni tí ń yìn ín nítòsí lè má mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ń yin ọ̀nà jíjìn yóò máa bú afẹ́fẹ́ láìṣẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ pé ìdánwò ni kí a fi mọ awò. Kí olúwarẹ̀ yin ọta mẹ́ta sí àmì kan ní mítà 100, kí ó yí kókó òkè ní ìró àádọ́ta, kí ó tún yin mẹ́ta sí àmì kan náà. Ó yẹ kí wọ́n bà ní ìdajì mítà gééré lókè ti àkọ́kọ́. Kí ó wá dá kókó náà padà, kí ó yin mẹ́ta ìkẹyìn. Bí ìwọ̀nyí kò bá padà bá ti àkọ́kọ́, kí ó dá awò náà padà fún ẹni tó tà á, ì báà jẹ́ pé ó ń fi òṣùpá hàn án.

Awò ńlá tí ó ní dígí iwájú fífẹ̀ kì í ṣe akíkanjú nítorí pé ó wúwo. Bí ìbọn bá ti sáré sẹ́yìn, awò fẹ́ dúró síbi tí ó wà, àwọn òrùka ìdè rẹ̀ ni ó sì ń fà á tẹ̀lé ìbọn. Bí ó bá ti wúwo tó ni ìyà àwọn òrùka náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀pọ̀ awò tí wọ́n gbé wá fún mi pé ó bàjẹ́ ni kò bàjẹ́ rárá, yíyọ̀ ni ó ń yọ̀ nínú òrùka olówó pọ́ọ́kú. Kí a fi sípírítì nu òróró kúrò, kí a sì fi irinṣẹ́ tí ń ka agbára dè é ní ìwọ̀n tí olùṣe rẹ̀ kọ, tí ó sábà máa ń tó newton-mítà 2 fún síkúrúù òrùka, nítorí ẹni tí ó bá fi gbogbo agbára apá dè é yóò tẹ ọ̀pá alumíníọ̀mù náà pọ̀.

Ohun tí ó ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu ni pé ìbọn atẹ́gùn onísípíríńgì, tí ìtàpá rẹ̀ kò ju ti ọmọ ewúrẹ́ lọ, lè pa awò tí ó ti gbé orí ráífù ńlá. Ìdí rẹ̀ ni pé ó ń tàpá lẹ́ẹ̀mejì: ó lọ sẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó ta kìjí síwájú nígbà tí písítìnì inú rẹ̀ bá kan òpin, bẹ́ẹ̀ sì ni apá kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ awò ráífù ti múra sílẹ̀ de ìjà. Ráífù tí wọ́n de irin adín-ìtàpá-kù mọ́ lẹ́nu náà ń ṣe díẹ̀ nínú èyí, nítorí pé gáàsì tí ó ń jáde ń fà á síwájú. Kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ bi olùtajà léèrè bóyá wọ́n ṣe awò náà fún ìtàpá iwájú àti ẹ̀yìn.

Kí àyè ojú, ìyẹn àlàfo láàrin ojú ẹni àti dígí ẹ̀yìn awò, má dín sí sẹ̀ǹtímítà 9, bí a kò bá fẹ́ kí etí awò kọlà sí wa níwájú orí. Ní ti ọ̀pá tí ó nípọn ní mìlímítà 34, ohun tí ó sábà ń fi kún un ni àyè ìyíwò, ìyẹn bí a ṣe lè yí kókó rẹ̀ jìnnà tó, kì í ṣe ìmọ́lẹ̀ bí àwọn olùtajà ṣe ń sọ.

Mo fẹ́ fi kún un pé òfin Nàìjíríà ka ìbọn atẹ́gùn pàápàá mọ́ ohun tí a ń gba ìwé àṣẹ fún, àti pé ráífù ológun oníwọ̀n 7.62 mm kò sí fún aráàlú. Kí a yanjú ìyẹn kí a tó na owó sórí awò.

Awò ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà lórí tábìlì mi. Mo ti gé sípíríńgì aago ògiri kan tí ó jọ pé yóò bá a mu, ṣùgbọ́n mo ti sọ fún un pé kò gbọdọ̀ gbé e padà sórí ráífù yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnkámẹ́rà-ṣe kan,
Kàbà, Ìpínlẹ̀ Kogí.