Ojú ẹ́ńjìnnì rélùwéè kò sí nínú ìrísí rẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú làálàá ìwé títẹ̀. Nínú ìwé ìròyìn yín ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ gbé àwòrán ọkọ̀ ojú irin kan tó ń wọ ibùdókọ̀ Òṣogbo jáde, ẹ sì kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ńṣe ni awakọ̀ ń fẹ̀yìn rìn bọ̀, nítorí pé imú gígùn ẹ́ńjìnnì, ìyẹn apá gígùn tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ló ṣíwájú, tí yàrá tí awakọ̀ jókòó sí sì wà lẹ́yìn. Ó ti tó ènìyàn mẹ́ta tó ka ọ̀rọ̀ yẹn sí mi létí nílé onígbàjámọ̀, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín pé ìdí ni wọ́n fi ń wa rélùwéè báyìí. Iṣẹ́ mẹ́káníìkì rélùwéè ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rín náà kò sì pa mí.

Láyé ẹ́ńjìnnì eléèéfín, kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí ojú ẹ́ńjìnnì wà. Nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo láti Èkó ní 1907, ọmọdé pàápàá rí i pé ibi tí èéfín ti ń jáde ni iwájú, ibi tí wọ́n ti ń ko èédú sí iná sì ni ẹ̀yìn. Síbẹ̀, nígbà náà pàápàá, ìrísí a máa tan ènìyàn jẹ. Iléeṣẹ́ Southern Pacific ní Amẹ́ríkà ní àwọn ẹ́ńjìnnì kan tí wọ́n gbé yàrá awakọ̀ wọn síwájú, tí ihò èéfín sì wà lẹ́yìn, nítorí pé èéfín fẹ́ máa pa àwọn awakọ̀ nínú àwọn ihò abẹ́ òkè àti abẹ́ òrùlé tí wọ́n fi ń gba yìnyín dúró lórí òkè Sierra Nevada. Ọ̀kan nínú wọn, nọ́ńbà 4294, tí wọ́n ṣe ní 1944, ṣì wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé rélùwéè ní ìlú Sacramento.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì gbòde, ọ̀rọ̀ náà wá le sí i, torí pé ẹ̀rọ yìí kò ní ihò èéfín ńlá tí yóò júwe ojú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi ní kí wọ́n kọ lẹ́tà F sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹ́ńjìnnì, nítòsí ìpẹ̀kun tí wọ́n bá yàn pé kí ó jẹ́ iwájú, kí ó sì hàn ketekete. Yíyàn ni wọ́n ń yàn án o. Iléeṣẹ́ Norfolk and Western àti Southern Railway, ní tiwọn, imú gígùn ni wọ́n yàn ní iwájú, wọ́n sì tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé bí ẹ́ńjìnnì bá kọlu nǹkan níbi tí ọ̀nà mọ́tò ti dábùú irin, gbogbo irin inú imú yẹn ni yóò kọ́kọ́ gba ìyà kí ó tó kan awakọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ti ní yàrá awakọ̀ ní ìpẹ̀kun méjèèjì, nọ́ńbà ni wọ́n fún wọn: ìpẹ̀kun kìíní àti ìpẹ̀kun kejì. Ìlù dùndún náà ní ojú méjì tó jọra, kò sì sí onílù tí kò mọ èyí tí òun ń lù.

Ẹni tí kò bá tíì wọ abẹ́ ẹ̀rọ yìí rí lè rò pé eré ni. Nígbà tí mo ṣì ń kọ́ṣẹ́, ọ̀gá mi fún mi ní bébà kan lọ́sàn-án ọjọ́ kan, R3 ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn wíìlì kẹta lápá ọ̀tún, pé kí n pààrọ̀ irin bíréèkì rẹ̀. Mo dúró níbi tó wù mí, mo na ọwọ́ ọ̀tún mi, mo ka wíìlì mẹ́ta, mo sì wọlé sábẹ́. Ó tó wákàtí méjì kí n tó rí irin náà tú, gírísì kún irun mi. Ọ̀gá gbé e yí lọ́wọ́, ó ní, "Èyí kò tíì jẹ rárá." Ó fà mí lọ sí ìpẹ̀kun kejì, ó fi àkísà nu eruku lára irin tó wà lókè àtẹ̀gùn, F kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sì yọ jáde. Ó ní, "Kọjú síbi tí eléyìí kọjú sí ná, kí o tó sọ pé o mọ ọwọ́ ọ̀tún."

Ọ̀tún ẹ́ńjìnnì yàtọ̀ sí ọ̀tún ẹni tó ń wò ó. Láti ibi F ni wọ́n ti ń ka wíìlì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ka mọ́tò iná tó ń yí wíìlì, kí ohun tí òṣìṣẹ́ kan bá kọ sínú ìwé ní Ìlọrin má baà di nǹkan mìíràn lójú ẹni tó máa kà á ní Èkó.

Ohun tó wá ṣi ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yín lọ́nà ni pé ó fi ojú mọ́tò wo rélùwéè. Mọ́tò a máa rákò bí ó bá ń fẹ̀yìn rìn, jíà kan ṣoṣo ló ní fún un. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó ń fi iná mànàmáná fa ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mọ́tò iná rẹ̀ ṣe lágbára sí apá kan ló ṣe lágbára sí apá kejì. Mo gbà pé bí imú gígùn bá ṣíwájú, awakọ̀ kì í rí apá tó jìnnà sí ìjókòó rẹ̀ dáadáa, ó sì yẹ kí ẹnì kejì bá a máa wo ọ̀nà. Ìyẹn ni ìbá jẹ́ ìbéèrè gidi fún ìwé ìròyìn láti bi wọ́n.

Ohun tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ dorí kọ lọ́jọ́ kan ni iná: funfun níwájú, pupa ní ìdí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ṣì ń lo síginà ayé àtijọ́, ẹni tó ń tọ́jú síginà gbọ́dọ̀ rí iná ìdí yìí kí ó tó gbà pé gbogbo ọkọ̀ ti kọjá, tí kò sí èyí tó já kù lẹ́yìn. Ní Íńdíà, àmì X ńlá ni wọ́n ń kùn sẹ́yìn ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn. Iná a máa bá ìrìn àjò yí padà, ṣùgbọ́n F kì í kúrò níbi tí wọ́n kùn ún sí, ì báà jẹ́ iwájú tàbí ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì ń lọ.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán yẹn kọ. Mo gbé awò sójú, mo wá F nínú rẹ̀ títí, ṣùgbọ́n igbá ẹ̀pà ọmọbìnrin kan tó ń kiri ló bo ìpẹ̀kun kan, òjìji sì bo èkejì. Bí fọ́tò mìíràn bá wà lọ́wọ́ ayàwòrán yín tí ọmọ náà ti kọjá lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í han èmi náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Mẹ́káníìkì rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.