Ìkéde: Hertha Berlin ni kókó ìpàdé wa tó ń bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìtàn Hertha, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù olú-ìlú Jámánì, la ó gbé yẹ̀ wò. Ọdún 1892 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi kan ni wọ́n fún un. Láti 1926 dé 1929, ọdọọdún ni wọ́n ń dé àṣekágbá, ọdọọdún náà ni wọ́n ń fìdí rẹmi. Ìgbà tó di 1930 àti 1931 ni wọ́n tó gba ipò kìíní Jámánì, wọn ò sì tún gbà á mọ́.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an ni mo fẹ́ ká jókòó tì. Ní 1965, wọ́n lé wọn kúrò ní Bundesliga, líìgì tó ga jù ní Jámánì, torí owó tí wọ́n ń san fún agbábọ́ọ̀lù lẹ́yìn òfin. Ògiri ti pín Berlin nígbà náà, agbábọ́ọ̀lù wo ló fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ láìjẹ́ pé owó pọ̀? Láti 2019, Lars Windhorst, oníṣòwò ọmọ Jámánì, da owó tó lé ní mílíọ̀nù 370 yúrò sínú ẹgbẹ́ náà (owó ńlá!), síbẹ̀ wọ́n já sí ìpele kejì ní 2023.

Kí ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀ràn àbẹ̀tẹ́lẹ̀ 1971, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù Bundesliga gba owó láti pàdánù, jọ̀wọ́ múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́