Ẹ gbé iná tó ń tú àṣírí oògùn inú ẹ̀wà wá síbi tí lọ́rì ti ń já ẹrù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ̀wà ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, Ìlọrin, ọdún kẹtàdínlógún rèé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, oníbàárà kan ki ọwọ́ bọ ẹ̀wà olóyin mi, ó gbé e sí imú, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò da ọ̀tapíápíá sí i?" Mo ní rárá. Ó tún bu òmíràn, ó ń wá èyí tí kòkòrò ti jẹ. Ẹ gbọ́ ná: láyé ijọ́sí, bí kòkòrò bá jẹ ẹ̀wà èèyàn, ọjà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ihò kòkòrò ló wá di ẹ̀rí báyìí pé kò sí oògùn nínú ẹ̀wà! Bẹ́ẹ̀ kòkòrò lè jẹ ẹ́ tán kí wọ́n tó da oògùn lé e. Kóńgò kan péré ló rà, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Èmi náà ò lè búra. Inú àpò onípele mẹ́ta ni mo ń tọ́jú tèmi sí, mo máa ń so ẹnu rẹ̀ pinpin, àmọ́ ta ló mọ ohun tí wọ́n ti ṣe sí i lókè Ọya kí lọ́rì tó gbé e dé?

Ọmọ mi tó ń kọ́ kẹ́mísírì wá sílé, mo ro ẹjọ́ náà fún un. Ó ní àwọn onímọ̀ ti ń ṣe omi kan, tàbí bébà pẹlẹbẹ, tó máa ń tàn bí wọ́n bá tan iná aláwọ̀ àlùkò sí i, irú iná tí wọ́n fi ń yẹ owó náírà wò ní báńkì. Wọ́n á lọ ẹ̀wà, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá kán omi rẹ̀ sí omi tàbí bébà tó ń tàn yẹn. Bí oògùn bá wà níbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ náà á rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kí àwọ̀ rẹ̀ yí padà; kámẹ́rà fóònù á sì sọ bó ti pọ̀ tó. Mo ní kó tún un sọ.

Mo wá bi í pé oúnjẹ wo ni wọ́n fi ń dán an wò. Ó ní wọ́n sábà máa ń lo ápù, kábéèjì, ewé tíì. Ta ló ń jẹ ápù lójoojúmọ́ n'Ílọrin? Ó tún jẹ́wọ́ pé àwọ̀ èèpo ẹ̀wà lè da ìmọ́lẹ̀ náà rú, àti pé èyí tó mọ oògùn kan lè má mọ òmíràn.

Ìlú wa ńbí ni olú ilé iṣẹ́ NSPRI wà, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ ní kó máa ṣèwádìí lórí ìpamọ́ ohun ọ̀gbìn. Yunifásítì Ìlọrin náà ò jìnnà. Kí wọ́n wá bu ẹ̀wà lọ́wọ́ wa, pupa àti funfun, kí wọ́n fi dán iná yìí wò títí yóò fi mọ tiwa. Lọ́dún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pè ní dichlorvos, 0.01 mílígíráàmù nínú kílò kan ni òdiwọ̀n tiwọn. Àwọn ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi rí i. Àwa tí à ń fi í se gbẹ̀gìrì, imú la fi ń wò ó. (Ata tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ti ba imú tèmi jẹ́.)

Bí iná náà bá dé, ibi tí lọ́rì ti ń já ẹrù ni kí wọ́n gbé e sí. Bó bá jẹ́ pé orí igbá wa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àwa la máa ru ẹ̀bi ẹni tó da oògùn sí i lọ́nà jíjìn. Kóńgò méjì wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi fún ìdánwò náà, n ò gbowó.

Èmi ni,
Ìyá Ẹlẹ́wà,
Ọjà Ọba, Ìlọrin.