Ọ̀rọ̀ Olùṣọ́-Àgùntàn: Níwájú Ènìyàn Pẹ̀lú

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ àdúrà òwúrọ̀ ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n mo gbé e tì. Ẹni tó wà nínú ọgbà ìjọ ní Ọjọ́rú mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí kò sí níbẹ̀, ọ̀rọ̀ owó ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá fún àwọn ọmọ ni, àti orúkọ àwọn tí ìgbìmọ̀ yàn; kó má wulẹ̀ béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ ṣí Kọ́ríńtì Kejì, orí 8, ẹsẹ 20 àti 21. Pọ́ọ̀lù ń kó owó ìrànwọ́ jọ fún àwọn ẹni mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù. Ó ní àwọn ń ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má baà rí wí sí àwọn lórí owó náà. Àwọn ń wá ohun tó dára níwájú Olúwa, àti níwájú ènìyàn pẹ̀lú. Ẹ dúró síbẹ̀ ná. Àpọ́sítélì ni o! Ta ni ìbá fura sí i? Síbẹ̀ kò sọ pé, “Ọlọ́run mọ ọkàn mi.” Ẹ wo ẹsẹ 19: àwọn ìjọ ló yan arákùnrin tó bá wọn rìn. Pọ́ọ̀lù kọ́ ló mú un wá láti ilé.

“Ọlọ́run mọ ọkàn mi” yìí ti kún mi létí lọ́sẹ̀ yìí. Ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Opó tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Ọjà Ọba, tí ọmọ tirẹ̀ náà gba fọ́ọ̀mù, kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó jókòó sídìí tábìlì lòun rí, àti orúkọ tó jáde.

Ẹnìkan pòwe fún mi pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Òwe àgbà ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ta ló ra ìlẹ̀kẹ̀? Bí ẹ bá fi owó ara yín rà á, ẹ so ó mọ́ ọmọ yín láti ìdí dé ọrùn. Èyí tí ìjọ dáwó rà, ti ìjọ ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1955, ṣebí owó kòkó àwọn bàbá wa wà nínú rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olóyè ló jọ jàǹfààní rẹ̀.

Ẹ̀yin ìgbìmọ̀, bí ọmọ yín, ọmọ àbúrò yín, ọmọ àna yín tàbí ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní lẹ́sìnnì bá gba fọ́ọ̀mù, ẹ sọ ọ́ kí a tó tú àpò ìwé. Ẹ má wáá jókòó kí ẹ máa húkọ́ o! Ẹ dìde, ẹ jáde, ẹ má sì pe ẹnikẹ́ni lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà. Láti ìsinsìnyí lọ, nọ́ńbà ni yóò wà lórí fọ́ọ̀mù dípò orúkọ, kálukú yóò sì kọ máàkì tirẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnu tó là. Ẹni tó fowó sílẹ̀ kò ní yan ọmọ. Èmi náà kò ní sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ gbé iṣu wá sílé mi, ó ṣì wà lẹ́yìn ilé; ẹ wá gbé e.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fa ọ̀rọ̀ yìí kiri lórí WhatsApp ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ lẹ ń bà lórúkọ jẹ́. Ọmọ tó mọ̀wé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Ó tó báyìí. Mo mọ iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ ti ṣe láìgba kọ́bọ̀, Ọlọ́run yóò san án fún yín. Ẹ̀yin méjèèjì tí ẹ mọ ara yín, mo ń retí yín nílé mi lẹ́yìn ìsìn Àìkú. Iyán ni, ìyàwó mi ti gbọ́ sí i.

Ìfilọ̀: Ẹgbẹ́ Ìyá, Ọjọ́bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ìmọ́tótó ọgbà, Àbámẹ́ta, aago 7 òwúrọ̀. Ẹ mú àdá dání. Ẹni tó yá àga ìjọ lọ sí òde, kó dá a padà.